Kí Abẹ Tó Kan Àgbò: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Kọmíṣọ́nnà Tí Ọ̀rọ̀ Ohun Ọ̀sìn Wà Ní Ìkáwọ́ Wọn Ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ẹ̀yin Ọlọ́lá,

Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi kọ ìwé yìí sí yín, èmi tí mo jẹ́ oníṣègùn ẹranko, tí mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí láàárín àwọn olóhun ọ̀sìn ní ìgboro àti ní ìletò, tí n kò sì bá ìjọba ṣe gbólóhùn asọ̀ kankan. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní, mo sì fẹ́ kí ará ìlú gbọ́ ọ bí mo ti ń bẹ̀ yín, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀yin tí àṣẹ wà lẹ́nu yín, ó kan àwa tí abẹ wà lọ́wọ́ wa, ó sì kan ẹni tí ó ta ìṣẹ́ nù nípa ẹran tí ó so mọ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ náà ni pé kí ẹ pèsè ohun tí a fi ń múra ẹran sílẹ̀ de iṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀ sí àwọn ilé ìwòsàn ẹranko tí ó wà lábẹ́ yín. Nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹran tí ń kú mọ́ wa lọ́wọ́ lórí tábìlì, abẹ kọ́ ni ó pa wọ́n. Ohun tí a kò rí ṣe kí abẹ tó kàn wọ́n ni ó pa wọ́n.

Kò sí ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí máa ń hàn gbangba bí ìgbà tí ọdún Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ní ìgbà náà ni àgbò ń ti Òkè Ọya rọ́ wọ ìlú, tí ẹni tí ó sì ti ra tirẹ̀ sílẹ̀ láti oṣù mélòó kan ń bọ́ ọ tọ̀sán-tòru, tí ó ń da èèrí àgbàdo àti èèrí àlìkámà sílẹ̀ fún un, kí ó lè di àgbò bọ̀lọ̀jọ̀, oníwo kíká, arìn-gbẹ̀rẹ̀ tí ará àdúgbò yóò máa yà wò. Oúnjẹ náà ń mú ẹran sanra lóòótọ́, ṣùgbọ́n fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú èèrí pọ̀ gidigidi, kálísíọ́ọ̀mù rẹ̀ sì kéré, bẹ́ẹ̀ ohun tí ara àgbò ń fẹ́ ni kí kálísíọ́ọ̀mù inú oúnjẹ rẹ̀ tó ìlọ́po méjì fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Nígbà tí koríko kò bá wá tó, tí omi inú ọpọ́n sì dọ̀tí tàbí tí ó gbẹ láti àárọ̀, ìtọ̀ ẹran náà a ki, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ó ṣẹ́kù lára rẹ̀ a dì nínú ìtọ̀ náà, a di yanrìn, yanrìn a sì di òkúta wẹ́wẹ́.

Abo àgùntàn lè ní irú òkúta bẹ́ẹ̀, kí ó sì tọ̀ ọ́ dànù láìmọ̀, nítorí pé ọ̀nà ìtọ̀ tirẹ̀ kúrú, ó sì fẹ̀. Ti akọ gùn, ó tín-ín-rín, ó sì ṣẹ́ kọ́rọkọ̀rọ ní ibì kan nínú ara kí ó tó yọ síta. Ní orí nǹkan akọ rẹ̀ gan-an ni fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wà, tí ìtọ̀ ń gbà kọjá, àwọn ibi méjèèjì yìí ni òkúta sì máa ń há sí jù lọ. Èyí tí a bá tẹ̀ lọ́dàá nígbà tí ó ṣì kéré, ewu tirẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ kì í ráyè fẹ̀ tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun tí olóhun ọ̀sìn máa ń kọ́kọ́ rí ni pé ẹran náà kọ oúnjẹ, ó ń nara, ó ń rin, ó ń mi ìrù lókè lódò, ó ń payín keke, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá ara rẹ̀ níkùn. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ wo irun abẹ́ ikùn rẹ̀ dáadáa, yóò rí ohun funfun wínníwínní tí ó gbẹ mọ́ ọn, yóò sì rí i pé ìtọ̀ tí ó yẹ kí ó máa dà ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń kán tó, tó, tó, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wo ibẹ̀. Wọn a ní kò rí ìgbẹ́ yà ni, wọn a rọ ọ́ ní oògùn ìyàgbẹ́, wọn a sì fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Ẹlòmíràn a ránṣẹ́ sí alábẹ́rẹ́ tí ń kiri ọjà, oníyẹn a sì gún un ní oògùn tí ń mú ìtọ̀ pọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ìtọ̀ kọ́ ni ẹran náà ṣaláìní, bí kò ṣe ọ̀nà tí yóò gbà jáde. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: àpò ìtọ̀ tí ó ti kún bámú-bámú a bẹ́ sí i nínú.

Ìtànjẹ kan sì wà nínú bíbẹ́ yìí tí ó yẹ kí gbogbo olóhun ọ̀sìn mọ̀. Bí àpò ìtọ̀ bá bẹ́, ìrora ẹran náà a rọlẹ̀ lójijì. A dìde, a tilẹ̀ lè bu koríko jẹ díẹ̀, olówó rẹ̀ a sì máa dúpẹ́ pé ara rẹ̀ ti yá. Kí ọjọ́ mélòó kan tó pé, ikùn rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí wú nísàlẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ìtọ̀ ni ó sì kún inú rẹ̀. Ní ipò báyìí ni wọ́n máa ń gbé ọ̀pọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ wa, tí ẹni tí ó gbé e wá á sì wí pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè là á, ẹ má jẹ́ kó kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Bí a bá sì là á bẹ́ẹ̀, yóò kú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ìdọ̀tí tí kíndìnrín ì bá ti fi ìtọ̀ kó jáde ti padà sínú ẹ̀jẹ̀ ẹran náà, èyí tí a sì ń bẹ̀rù jù nínú wọn ni pọ̀tásíọ́ọ̀mù. Nínú ara tí ó le, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí 4 tàbí 5 lọ nínú òǹkà mílímóòlù fún lítà kan tí àwọn ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń lò. Bí ó bá ti gòkè dé 7 tàbí 8, ọkàn a máa lù ségesège, a máa falẹ̀, a sì lè dákẹ́ láìròtẹ́lẹ̀. Ẹran tí ọkàn rẹ̀ wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀, bí a bá fún un ní oògùn akunnilóorun, oorun náà ni yóò gbà dé ọ̀run. Kì í ṣe gbogbo àgbò ni pọ̀tásíọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń ga tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ lè gba inú itọ́ ẹnu rẹ̀ dín in kù díẹ̀. Ìdí gan-an nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n, kí a má máa méfò lórí ẹ̀mí.

Ẹ jẹ́ kí a mú àgbò kan tí ó wọn kílò 40 wò. Oníṣègùn a fa awọ ọrùn rẹ̀ sókè, a sì wo bí yóò ti pẹ́ tó kí awọ náà tó padà sí àyè rẹ̀. A wo ojú rẹ̀ bóyá ó ti jìn sínú. A fi ìka tẹ èrìgì rẹ̀, a sì ṣọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ti ń padà síbẹ̀. Bí ó bá rí i pé omi tí ó ti ara ẹran náà lọ tó ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, a jẹ́ pé lítà 3 ó lé díẹ̀ ni kí a dá padà fún un, yàtọ̀ sí èyí tí yóò máa lò bí wákàtí ti ń lọ. Omi oníyọ̀ ni, gíráàmù iyọ̀ 9 nínú lítà kan, tí kò ní pọ̀tásíọ́ọ̀mù nínú, a ó sì fà á sí iṣan ọrùn rẹ̀. Bí ọkàn bá ti ń ṣe ségesège, a ó fún un ní kálísíọ́ọ̀mù láti dáàbò bò ó, a ó sì fi omi oníṣúgà lé pọ̀tásíọ́ọ̀mù kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ padà sínú ẹran ara. Ní àkókò kan náà ni a ó wá ọ̀nà tí àpò ìtọ̀ yóò fi fúyẹ́, nítorí pé ẹni tí ó ń da omi sínú ara tí kò ní ọ̀nà àbájáde, àpò ìtọ̀ ni ó ń kún. A ó kọ́kọ́ yọ nǹkan akọ rẹ̀ síta, a ó wo fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ orí rẹ̀. Bí òkúta bá há síbẹ̀, a ó gé fọ́nrán náà kúrò, ìgbà mìíràn sì wà tí ìtọ̀ a tú jáde lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá jáde, a lè fi abẹ́rẹ́ gba ara ikùn fa ìtọ̀ náà, sìkánì ni yóò sì júwe ibi tí abẹ́rẹ́ yóò wọ̀, nítorí pé àpò tí ó ti nà di fẹ́lẹ́ kò ṣe é gún ní àgúnjálẹ̀.

Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Àwọn wákàtí tí a fi ń ṣe gbogbo èyí, tí olówó ẹran ń kùn pé dókítà ń fi nǹkan falẹ̀, àwọn ni ó ń ra ẹ̀mí ẹran náà padà.

Ọ̀rọ̀ oògùn náà kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Oògùn kan wà tí a ń pè ní xylazine, tí kò sí ilé ìwòsàn ẹranko tí kò mọ̀ ọ́n; ó ń mú ẹran rọ̀, ó sì rọrùn láti rí rà. Àgùntàn àti màlúù kì í fẹ́ ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tí ẹṣin ń gbà lọ, ó sì ń mú kí ìtọ̀ pọ̀ gidigidi, nítorí náà kò yẹ ẹran tí ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ṣì dí. Gentamicin tí àwọn kan ń gún lọ ràì fún gbogbo àrùn a máa ba kíndìnrín jẹ́. Àwọn oògùn ìrora kan náà a máa ṣe é léṣe bí omi ara kò bá tíì padà. Lidocaine tí a fi ń pa ojú ibi tí a ó là kú pàápàá, bí a bá fi mọ sí mílígíráàmù 5 fún kílò kan, àgbò oníkílò 40 kò gbọdọ̀ gbà ju 200 lọ, èyí tí í ṣe mílílítà 10 péré nínú ìgò tí ìdá oògùn rẹ̀ jẹ́ 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Báwo ni ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n yóò ti ṣe mọ ìdíwọ̀n yìí? Yóò fojú díwọ̀n ni, àgbò tí irun bò tí ikùn rẹ̀ sì wú kì í sì í wúwo bí ojú ti rò.

Ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ tún ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ó bá sùn lórí tábìlì, oúnjẹ inú àpòlúkù rẹ̀ kò sùn. Ó ń hó, ó ń wú, ó sì ń ti èémí mọ́ ọn láyà, ó sì lè rú sókè gba ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà, bí iṣẹ́ abẹ bá jẹ́ èyí tí a lè dá ọjọ́ fún, a máa ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ fún wákàtí 12 sí 24 ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè tọ̀ kò lè dúró dé ọ̀la. Fún irú wọn ni a ṣe nílò rọ́bà tí a ń kì bọ ọ̀nà ọ̀fun láti dáàbò bo èémí, èyí tí a fi ń tú gáàsì inú àpòlúkù, àti ẹni kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa ṣọ́ èémí àti ìlù ọkàn lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ìmọ́tótó. Irun ìsàlẹ̀ ikùn ni a ó rẹ́ ní àárín ìdodo àti abẹ́ ìtan, ní yàrá ọ̀tọ̀, kì í ṣe lórí tábìlì abẹ tí irun yóò ti máa fò wọ ojú egbò. Ẹ̀rọ ìrẹ́run ni a ó sì lò, nítorí pé abẹ fẹ́lẹ́ a máa ha awọ, kòkòrò a sì fi ojú ibẹ̀ ṣelé. Awọ tí ó bo nǹkan akọ náà, inú rẹ̀ ni a ó fi omi oògùn fọ̀. Ojú ibi tí a ó là, láti àárín ni a ó ti máa fọ̀ ọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, òwú tí ó bá sì ti dé ẹ̀gbẹ́ kò gbọdọ̀ padà sí àárín mọ́. Òmíràn ni a ó mú, títí ìgbà mẹ́ta ó kéré tán. Iṣẹ́ yìí kò gba ọgbọ́n ìwé púpọ̀. Sùúrù àti omi tí ó mọ́ ni ó ń fẹ́, ibi tí ẹ̀rọ omi kò sì ti yọ láti àárọ̀, a jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìmúrasílẹ̀ ti já.

N kò gbàgbé ajá àti ológbò, nítorí pé àwọn náà ti pọ̀ ní ilé wa. Akọ ológbò tí ń lọ ń bọ̀ sí ibi ìtọ̀ rẹ̀, tí ó ń ké tí nǹkan kò jáde, ewu pọ̀tásíọ́ọ̀mù tirẹ̀ le ju ti àgbò lọ, ọjọ́ kan sí méjì sì ti tó láti pa á. Ajá tí òkúta wà nínú àpò ìtọ̀ rẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbà fún àyẹ̀wò kí a tó fún un ní oògùn apakòkòrò, kí a lè mọ kòkòrò tí ó wà níbẹ̀ àti oògùn tí ó ràn án; a sì gbọ́dọ̀ yàwòrán ikùn rẹ̀ ṣáájú kí a ka òkúta náà, kí a tún yà á lẹ́yìn iṣẹ́, kí òkúta kan má baà ṣẹ́kù sínú.

Ìmúrasílẹ̀ kan tún wà tí kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀, èyí ni ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú ẹni tí ó ni ẹran. Bí àgbò náà bá jẹ́ ti àtọ̀, a gbọ́dọ̀ sọ fún olówó rẹ̀ pé iṣẹ́ abẹ tí a fi ń la ojú ọ̀nà ìtọ̀ tuntun sí abẹ́ ìdí kò ní jẹ́ kí ó lè gun abo bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Èyí tí a fi ń ki rọ́bà bọ àpò ìtọ̀ láti ara ikùn ni ó yẹ ẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ ti Iléyá, kí ó mọ̀ pé ẹran tí àìsàn rẹ̀ hàn gbangba kò tọ́ sí ìdúńbú nínú ẹ̀sìn Mùsùlùmí, àti pé oògùn tí a gún un gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ rẹ̀ pé kí ó tó kúrò nínú ẹran ara tí ènìyàn yóò jẹ. Ẹni tí ó mọ èyí kí abẹ tó wọlé ni ó lè pinnu bóyá kí a là á tàbí kí a má là á.

Ẹ̀yin Ọlọ́lá, àwọn ọ̀dọ́ tí ń kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta ń kọ́ gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí lọ́rọ̀ àti níṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá wá rán wọn lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti ìjọba ìbílẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń bá níbẹ̀ ni tábìlì, àga, ìwé orúkọ àti àpótí abẹ́rẹ́ àjẹsára. A máa ń sọ pé bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, òótọ́ sì ni pé ọ̀pọ̀ wa ti fi òòbẹ̀ ṣe é; ṣùgbọ́n àwọn ohun tí a ń wí yìí wà lọ́jà, owó ni a kò fi sí i. Bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Ohun mẹ́rin ni mo ń bẹ̀ yín sí. Èkíní, kí gbogbo ilé ìwòsàn ẹranko ti ìjọba ní òṣùwọ̀n ẹran, omi oníyọ̀ tí kò gbọdọ̀ tán, rọ́bà ìtọ̀ àti ti ọ̀fun, oògùn kálísíọ́ọ̀mù, ẹ̀rọ ìrẹ́run, àti tánkì omi. Èkejì, kí ilé ìwòsàn kan ó kéré tán ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní sìkánì àti ẹ̀rọ tí ń wọn pọ̀tásíọ́ọ̀mù, pẹ̀lú iná oòrùn tí yóò máa gbé wọn ṣiṣẹ́, kí àwọn yòókù lè máa rán ẹran wọn lọ síbẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí òfin àwọn oníṣègùn ẹranko tí ó ti wà láti ọdún 1969 má jẹ́ òfin orí ìwé nìkan, kí ẹni tí kò gbàwé àṣẹ yé gún ẹran ẹlẹ́ran lábẹ́rẹ́ ní ọjà. Ẹ̀kẹrin, kí rédíò ìjọba máa kéde láti oṣù mélòó kan ṣáájú Iléyá bí a ti ń bọ́ àgbò tí òkúta kò fi ní há a: koríko kí ó pọ̀ ju èèrí lọ, omi kí ó mọ́, kí ó sì wà nígbà gbogbo. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ẹnìkan lè wí pé ilé ìwòsàn ènìyàn pàápàá kò tíì pé, kí wá ni ti ẹran? Èsì mi ni pé ẹran ni àpò owó opó ìletò, òun ni owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ àgbẹ̀, owó omi oníyọ̀ tí yóò sì gba àgbò kan là kò tó owó itan rẹ̀ kan. Ìjọba àpapọ̀ ti rí i pé ọ̀rọ̀ ohun ọ̀sìn tó ohun tí a ń dá iléeṣẹ́ mínísítà fún, èyí ni wọ́n sì ṣe ní ọdún 2024; kí ti ìpínlẹ̀ má ṣe jẹ́ pátákó ẹnu ọ̀nà nìkan.

Sí ẹ̀yin olóhun ọ̀sìn tí ẹ ń ka ìwé yìí, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀: ẹ máa wo bí akọ ẹran yín ti ń tọ̀ lárààárọ̀, bí ẹ sì ti wo bí ó ti ń jẹun. Èyí tí ó bá ń rin tí kò tọ̀, ẹ má fún un ní oògùn kankan, ẹ gbé e wá ní ọjọ́ náà gan-an. Bí a bá sì ní kí ẹ ní sùúrù kí a tó là á, ẹ bá wa ní sùúrù.

Ẹ̀yin Ọlọ́lá, ìwé ìṣúná ọdún tí ń bọ̀ yóò dé iwájú yín láìpẹ́. Mo bẹ̀ yín kí ẹ wo ojú ewé tí a kọ ti ilé ìwòsàn ẹranko sí, kí ẹ sì bi àwọn òṣìṣẹ́ yín léèrè iye lítà omi oníyọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Bí èsì wọn bá jẹ́ òfo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣègùn Ẹranko kan